Èkùrọ́ Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá àti Ojú-Ìwé Ńlá: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kernel, lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Èkùrọ́ wà lára ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ohun tí wọ́n fi í pè mu. Apá kan wà nínú ètò alákòóso ẹ̀rọ tí ó fara sin sínú bí èkùrọ́ ti fara sin sínú èèpo líle. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ; òun ni ó ń pín àyè inú iyè ẹ̀rọ fún gbogbo ohun tí a bá ṣí; òun àti ẹ̀rọ ni ó jọ ń jí, tí wọ́n sì jọ ń sùn. Alábàákú ni wọ́n. Nínú àròkọ yìí, èkùrọ́ ni n ó máa pè é.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Àtúnṣe pàtàkì kan ti ń lọ nínú èkùrọ́ àwọn ẹ̀rọ wa láti nǹkan bí ogún ọdún lé díẹ̀ sẹ́yìn, èyí tí a lè pè ní ojú-ìwé ńlá. Bí ìdánwò ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé inú fóònù báyìí. Èrò mi ni pé olùkọ́ Yorùbá lè ṣe àlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá tí yóò yé ọmọdé yékéyéké, àti pé ó yẹ kí ó ṣe é. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan kò lè mọ ìgbà tí ìpín tirẹ̀ bá dín kù.

Kí ni ojú-ìwé nínú ẹ̀rọ?

Ojú-ìwé tí à ń wí yìí kì í ṣe ti bébà, irú èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Ìwòpin. Orúkọ ìwọ̀n ni. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Òde-Omi, ìlú àwọn apẹja létí òkun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ ojú omi kan tí ó fẹ́ kó ẹja gbígbẹ àti edé lọ sí ọjà. Àwọn oníṣòwò mẹ́wàá ni ó jọ fẹ́ lo ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí yóò da ẹja tirẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀ lásán. Inú agbọ̀n ni oníkálukú yóò kó o sí, gbogbo agbọ̀n yóò sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ọlọ́kọ̀ lè tètè mọ iye àyè tí ó ṣẹ́ kù. Ọlọ́kọ̀ ní ìwé ńlá kan tí ó ń kọ ọ́ sí pé agbọ̀n kìn-ín-ní Ìyá Lágbájá wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn. Kò pọn dandan kí agbọ̀n oníṣòwò kan wà lójú kan náà. Ìwé ni yóò sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ọmọ iṣẹ́ kan sì wà tí ó ń sáré gbé ohun tí oníṣòwò bá bèèrè wá.

Ọkọ̀ yìí ni iyè ẹ̀rọ. Àwọn oníṣòwò ni àwọn áàpù tí a ṣí. Ọlọ́kọ̀ tí ó ń pín àyè ni èkùrọ́. Ọmọ iṣẹ́ ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Agbọ̀n ni ojú-ìwé. Pípín iyè ẹ̀rọ sí ojú-ìwé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ Atlas tí Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1962. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní 386 jáde ní ọdún 1985, kílóbáìtì 4 ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ojú-ìwé kan. Ìwọ̀n yìí náà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣì ń lò lónìí.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayé àtijọ́ kò tóbi. Mẹ́gábáìtì díẹ̀ ni iyè kọ̀ǹpútà nígbà náà. Lónìí, fóònù tí kò wọ́n púpọ̀ lè ní gígábáìtì 4. Bí a bá pín gígábáìtì 4 sí ojú-ìwé oníkílóbáìtì 4, ojú-ìwé 1,048,576 ni yóò jẹ́. Ọkọ̀ ti di ọkọ̀ ńlá, agbọ̀n kò sì tóbi ju ti ìgbà kan lọ. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Èrè àti gbèsè agbọ̀n ńlá

Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní láti máa tú ìwé ńlá ọlọ́kọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rán an níṣẹ́, ilẹ̀ yóò ṣú kí ọjà tó tà. Nítorí náà ó ní síléètì kékeré kan lọ́wọ́, tí ó ń kọ ibi tí àwọn agbọ̀n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wà sí. Bí ohun tí wọ́n bèèrè bá wà lórí síléètì, kíá ni yóò gbé e wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó di dandan kí ó padà lọ tú ìwé ńlá. Irú síléètì bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ ní tòótọ́, kò sì gba ìlà púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ìlà 64 ni síléètì náà gbà. Bí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kílóbáìtì 4, ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè rántí láìtú ìwé kò ju kílóbáìtì 256 lọ. Bí agbọ̀n bá jẹ́ kílóbáìtì 16, síléètì kan náà yóò kárí mẹ́gábáìtì 1. Bí agbọ̀n bá wá jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní lè gbà, síléètì onílà 64 yìí yóò kárí mẹ́gábáìtì 128. Síléètì kò tóbi sí i, ọmọ iṣẹ́ kò yára sí i. Agbọ̀n nìkan ni ó yí padà. Èrè ojú-ìwé ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí èrè tí kò ní gbèsè tirẹ̀. Gbèsè àkọ́kọ́ ni àyè tí ó ń ṣòfò. Oníṣòwò tí edé rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 5 lọ yóò gba agbọ̀n kékeré méjì, kílóbáìtì 3 ni yóò sì ṣófo. Bí agbọ̀n bá jẹ́ kílóbáìtì 16, kílóbáìtì 11 ni yóò ṣófo. Bí ó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, kílóbáìtì 2,043 nínú 2,048 ni yóò ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn kò sì lè lò ó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tóbi lè má bìkítà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré ni ó ń jẹ̀gbin òfò yìí.

Gbèsè kejì farapamọ́ díẹ̀. Agbọ̀n ńlá ń fẹ́ ojú kan gbalaja. Bí agbọ̀n kéékèèké bá ti fọ́n ká inú ọkọ̀, àyè lè pọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, síbẹ̀ kí ó má sí ojú kan tí ó tó agbọ̀n ńlá kan gbé kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní láti dá iṣẹ́ dúró, kí ó ti èyí sápá kan, kí ó gbé tọ̀hún kúrò, kí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, oníṣòwò ń dúró. Ohun tí a fẹ́ fi mú iṣẹ́ yá ti di ohun tí ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe dán an wò

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2002, Juan Navarro, Sitaram Iyer, Peter Druschel àti Alan Cox gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde níbi àpérò OSDI. Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Navarro fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ti Universidad Católica ní Chile, orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Inú èkùrọ́ FreeBSD, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n ti dán èrò wọn wò.

Ọgbọ́n wọn kò le. Nígbà tí oníṣòwò bá kọ́kọ́ gbé agbọ̀n kékeré kan wọlé, ọlọ́kọ̀ yóò gbé e síbi tí àyè ti tó fún agbọ̀n ńlá, yóò sì fi àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún un. Bí oníṣòwò bá ń gbé òmíràn wá títí àyè náà fi kún, ọlọ́kọ̀ yóò so gbogbo wọn pọ̀ di agbọ̀n ńlá kan ṣoṣo, ìlà kan ni yóò sì gbà lórí síléètì. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń kún, tí ẹlòmíràn sì ń fẹ́ àyè, ọlọ́kọ̀ yóò gba àyè tí ó fi pamọ́ náà padà fún ẹni tí ó nílò rẹ̀. Kò sí ẹni tí a fi agágbára fún ní agbọ̀n ńlá; ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá tó o ni ó ń gbà á. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi dán an wò, èrè tí wọ́n rí ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Síbẹ̀, wọn kò sáré tì í bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ọdún 2009 ni ó tó wọ inú FreeBSD tí gbogbo ayé ń lò, nínú ẹ̀dà 7.2, pípa ni wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò tàn án fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà 8.0 wá jáde ní òpin ọdún náà pẹ̀lú rẹ̀ ní títàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú Linux, èkùrọ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, jọ èyí. Nígbà tí èkùrọ́ 2.6 jáde ní òpin ọdún 2003, ojú-ìwé ńlá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n alákòóso ẹ̀rọ ni yóò ya àyè sọ́tọ̀ fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 2011, iṣẹ́ Andrea Arcangeli wọ inú ẹ̀dà 2.6.38, èkùrọ́ sì lè máa ṣe é fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé áàpù mọ̀. Kò pẹ́ tí gbèsè kejì tí mo mẹ́nu bà lókè fi yọjú. Àwọn tí ó ń ṣe ètò ìpamọ́ bíi Redis àti MongoDB rí i pé iṣẹ́ ń dúró lójijì, wọ́n sì gba àwọn tí ń lo ètò wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa á. Kò sí ẹni tí ó torí èyí yọ ojú-ìwé ńlá dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tí ó fi dandan mú àwọn tí ń ráhùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ti wà nínú èkùrọ́ náà: kí a lò ó nígbà gbogbo, kí a lò ó fún ẹni tí ó bá bèèrè nìkan, tàbí kí a má lò ó rárá.

Ó ti dé ọwọ́ wa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni èyí, kí ó wo fóònù rẹ̀. Android ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, èkùrọ́ Linux ni ó sì wà nínú Android. Ní ọdún 2024, Android 15 bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú-ìwé oníkílóbáìtì 16, ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Lórí àwọn fóònù Pixel kan, wọ́n fi bọ́tìnnì sí i kí àwọn tí ń kọ áàpù lè tàn án, kí wọ́n sì dán an wò. Google sọ pé nígbà tí iyè fóònù bá fún, áàpù ń yára ṣí sí i ní ìwọ̀n 3.16 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba, agbára bátìrì tí ó ń lọ nígbà tí áàpù bá ń ṣí sì dín kù ní ìwọ̀n 4.56 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sọ èyí, wọn kò sì fi ìkejì pamọ́: iyè tí fóònù bẹ́ẹ̀ ń lò pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Google Play ti ń béèrè pé kí áàpù tuntun àti àtúnṣe áàpù tí a ṣe fún Android 15 sókè lè ṣiṣẹ́ lórí ojú-ìwé oníkílóbáìtì 16. Áàpù tí wọ́n fi Java tàbí Kotlin nìkan kọ kò ní ìṣòro. Èyí tí ó bá ní apá tí wọ́n fi C tàbí C++ kọ ni a ní láti tún kọ́ pọ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá yóò ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú nípa áàpù kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo fi owó ara rẹ̀ ṣe láti fi kọ́ni ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, tí ó fi lélẹ̀, tí ó sì bá iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ta ni yóò sọ fún un? Android 16 ti ní ọ̀nà ìfaradà kan fún irú àwọn áàpù àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfaradà kì í ṣe àtúnṣe. Bí a kò bá ṣọ́ra, àwọn ohun èlò Yorùbá díẹ̀ tí a ní lè máa wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa rò pé fóònù ni ó bàjẹ́.

Kí ni ti olùkọ́ Yorùbá níbẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé olùkọ́ kọ̀ǹpútà wà, kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú èkùrọ́? Ìdáhùn mi ni pé olùkọ́ kọ̀ǹpútà yóò kọ́ni ní orúkọ nǹkan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí, yóò kọ ọ́ sínú ìdánwò, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ọmọ Òde-Omi mọ agbọ̀n, ó mọ ọkọ̀, ó mọ bí àyè ṣe ń fún nínú ọkọ̀ tí ẹrù kún. Ìmọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀. Èdè tí yóò fi so ó mọ́ ẹ̀rọ ni kò sí. Àwa ni èdè yẹn wà lọ́wọ́ wa.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n fi ń wé e, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tan bọ́tìnnì lápá kan tí kò tàn án lápá kejì. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìdánwò náà yege, ṣùgbọ́n a kò fi í sílẹ̀ ní títàn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé a ti fagi lé e. Ẹ fi èyí wé bí àwọn oníṣẹ́ èkùrọ́ ṣe ṣe tiwọn. Nígbà tí ráhùnráhùn dé, ọ̀nà mẹ́ta ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó ń jèrè àti ẹni tí ó ń pàdánù. Lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan kan náà ni a tàn fún gbogbo ilẹ̀, òun náà ni a sì pa fún gbogbo ilẹ̀. Èmi kò sọ pé ìlànà 2022 kò ní àlébù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń tún ìdí nǹkan ṣe kò gbọdọ̀ ju èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan nù nítorí pé kò ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ìlànà ìjọba lè yí padà, kò sì sí ìlànà tí ó ní kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe lo Yorùbá nínú iṣẹ́ Yorùbá. Nítorí náà mo dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ kún ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti ṣe ti ẹ̀rọ. Kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tí ó fi ọwọ́ kan nǹkan, kì í ṣe orúkọ lásán. Èkejì, kí ẹ̀ka wa àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà jọ jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn áàpù Yorùbá tí a ń lò, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tí ó ṣe wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ tí ń lọ fún ìfidánrawò ìkọ́ni fi ìṣirò agbọ̀n àti síléètì yìí kọ́ kíláàsì kan, kí ó sì wò bí yóò ti yé wọn sí.

Ìkádìí

Bí ẹlẹgbẹ́ mi kan bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èkùrọ́ lọ, kí ó mú un wá. Mo ti ṣetán láti jáwọ́ nínú tèmi. Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni kí a sọ pé ọ̀rọ̀ náà ga ju èdè wa lọ. Ọkọ̀, agbọ̀n, ìwé, síléètì: ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí gbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń tún agbọ̀n ṣe nínú ọkọ̀ tí àwa náà wà. Kí àwa náà mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a lè sọ ọ́ síta nígbà tí àyè bá fún wa.